Jáàkì Ló Ń Gbé Sókè, Sítáǹdì Ló Ń Gbé Ró

Moniya, Ìbàdàn.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà ní Ìsẹ́yìn? Ṣé ara ọkọ rẹ le? Ṣé ọmọ ti ń jẹ́ kí ẹ sùn lóru? Ìyá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé èlùbọ́ tí o fi ránṣẹ́ dé, ó sì dára ju èyí tí à ń rà lọ́jà níbí lọ. Àwa náà wà. Òjò ti dé, iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ti di ẹrẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ń wọlé, a dúpẹ́.

Ìwé tí o fi rán dẹ́rẹ́bà sí mi ti dé ọwọ́ mi, èyí tí o to gbogbo ohun tí o fẹ́ rà fún gẹ́réèjì rẹ sí. Mo fi awò ojú mi kà á, mo tún ní kí àbúrò rẹ kà á sí mi létí, kó má lọ jẹ́ pé ojú mi ló fo nǹkan. Skánà tí wọ́n fi ń wá ohun tó ń ṣe ọkọ̀ wà níbẹ̀. Kọ̀ḿpúrẹ́sọ̀ wà níbẹ̀. Sípánà oríṣiríṣi, jáàkì onígò kan, jáàkì kòrókódáìlì kan, àga tí kọ́sítọ́mà yóò máa jókòó sí, ọ̀dà tí wọ́n máa fi kọ orúkọ rẹ sára ògiri, títí kan ìrẹsì àti ẹran ọjọ́ tí a máa ṣí i. Sítáǹdì kò sí níbẹ̀. Ohun tí yóò gbé ọkọ̀ ró nígbà tí ìwọ bá dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, o kò kọ ọ́ rárá.

Ìdí nìyí tí mo fi kọ lẹ́tà dípò kí n pè ọ́. Bí mo bá pè ọ́, wàá ní, "Bàbá, ẹ má dààmú, mo mọ̀ ọ́n," a ó sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ọmọ. Lẹ́tà kò ṣeé já lẹ́nu. Wẹ́dà ni mí, n kò kọ́ mẹkáníìkì, ṣùgbọ́n àárín àwọn mẹkáníìkì ni ṣọ́ọ̀bù mi wà láti ìgbà tí o ti wà ní kékeré, èmi sì ni wọ́n máa ń gbé ohun tí wọ́n fi ń ti ọkọ̀ wá fún nígbà tó bá ya tàbí tó bá tẹ̀. Irin tó bá tẹ̀ kì í purọ́ ibi tí ìnira ti bá a.

Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ara jáàkì, nítorí òun lo gbẹ́kẹ̀ lé. Inú ọ́ìlì ni agbára rẹ̀ wà. O ń tẹ ọwọ́ rẹ̀, ọ́ìlì ń ti ibi tóóró bọ́ sí ibi gbígbòòrò, ọ̀pá náà ń yọ sókè. Ọ́ìlì kì í fún pọ̀ bí a ti wù ká tẹ̀ ẹ́ tó, ìyẹn ló jẹ́ kí apá kan ṣoṣo lè gbé bọ́ọ̀sì kúrò nílẹ̀. Ọgbọ́n náà ti pẹ́. Joseph Bramah, ará ìlú Gẹ̀ẹ́sì, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ ìtẹ-nǹkan tó ń ṣiṣẹ́ báyìí ní 1795, Richard Dudgeon sì gba ti jáàkì ní New York ní 1851. Nínú jáàkì òde òní, ohun tó ń dá ọ́ìlì dúró kó má padà síbi tó ti wá kò ju rọ́bà róbótó kan àti bọ́ọ̀lù irin kékeré tó dí ẹnu ihò lọ. Rọ́bà ń gbó. Iyanrìn ń wọlé. Bí ọmọ iṣẹ́ kò bá sì yí ìdè tí wọ́n ń tú kí jáàkì lè wálẹ̀ le dáadáa, ọ́ìlì á máa yọ́ padà díẹ̀díẹ̀, ìwọ kò sì ní rí i, nítorí ara nọ́ọ̀tì tí o ń tú ni ojú rẹ wà.

Sítáǹdì kò ní ọ́ìlì, kò ní rọ́bà. Irin jókòó lórí irin ni, ó tán. Ẹni tó bá ọ gbé ẹrù rù lóko ṣe ọ́ lóore, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ ni yóò gbé e dé ilé. Iṣẹ́ agbérù ni jáàkì ń ṣe, ọrùn ni sítáǹdì. Àwọn ará Amẹ́ríkà kò fi èyí sílẹ̀ fún ọgbọ́n orí ẹnikẹ́ni. Òfin ààbò iṣẹ́ wọn, èyí tí àjọ OSHA ń mójú tó, sọ pé tí wọ́n bá ti fi jáàkì gbé ẹrù sókè, kí wọ́n fi nǹkan mìíràn tì í lójú ẹsẹ̀. Kì í ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ táyà tán, kì í ṣe nígbà tí wọ́n bá rí i pé iṣẹ́ náà máa pẹ́.

Mo mọ ohun tí o fẹ́ sọ. O fẹ́ sọ pé ọ̀gá rẹ ní Ọjọ́ọ̀ kò lo sítáǹdì, pé rímù àti igi ló fi kọ́ ọ níṣẹ́, pé o sì gba fúrídọ̀mù pẹ̀lú gbogbo ẹ̀yà ara rẹ. Òótọ́ ni. Moniya náà kò yàtọ̀. Rímù àlòkù méjì tí wọ́n gbé léra, gbòǹgbò igi, ẹ̀ńjìnnì tó ti kú, búlọ́ọ̀kù. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin Èkó ti ń já èrò sí ibùdó Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ níbí ní 2021, Micra àti bọ́ọ̀sì tó ń wá èrò ti pọ̀ lójú ọ̀nà, iṣẹ́ pọ̀, ìkánjú sì ju iṣẹ́ lọ. Àwọn tó ń kánjú kì í wá sítáǹdì kiri, ohun tó bá sún mọ́ ọwọ́ ni wọ́n ń kì bọ abẹ́ ọkọ̀.

Àwọn nǹkan wọ̀nyẹn kò burú bákan náà, má jẹ́ kí n parọ́ mọ́ wọn. Rímù, irin ṣáà ni, kì í dédé fọ́. Àbùkù rẹ̀ ni pé rímù méjì tó léra kò so mọ́ra. Tí o bá fi agbára fa sípánà sí ẹ̀gbẹ́, tòkè lè yọ̀ lórí tìsàlẹ̀. Igi tó nípọn, tó le, tí wọ́n gé pẹrẹsẹ tí wọ́n sì tò léra ní ìdábùú dára gan-an. Àwọn tó ń gbé ẹ̀rọ ńláńlá ṣì ń lò ó káàkiri ayé títí dòní, nítorí igi máa ń ké kó tó dá. Búlọ́ọ̀kù ni ọ̀tá. Ìwúwo ògiri tó tẹ́ káàkiri orí rẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún, inú rẹ̀ ṣófo, etí irin tóóró abẹ́ ọkọ̀ sì ni ìwọ gbé lé e lójú kan. Kì í ké. Kì í tẹ̀. Ó ń dúró títí di ìgbà tí kò ní dúró mọ́.

Èyí ṣẹlẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, n kò ní sọ gẹ́réèjì tó jẹ́. Wọ́n gbé ẹ̀yìn HiAce kan sókè, wọ́n fi búlọ́ọ̀kù oníńṣì mẹ́sàn-án méjì tì í, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, wọ́n yọ jáàkì lọ sábẹ́ ọkọ̀ mìíràn. Láti àárọ̀ ló ti wà níbẹ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ọmọ iṣẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ fà jáde láti lọ mu omi. Èmi ń nu ojú irin tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jó, mo gbójú sókè, mo rí ìlà tín-ín-rín kan lára búlọ́ọ̀kù ọwọ́ òsì, láti òkè dé ìdí, tí n kò rí níbẹ̀ ní ọ̀sán. Mo ké sí wọn pé kí ẹnikẹ́ni má padà sábẹ́ rẹ̀. Ẹnu mi kò tíì pa dé tí búlọ́ọ̀kù fi dún pàá, ó di iyanrìn, ọkọ̀ sì fìdí jókòó sílẹ̀. Ọmọ náà dúró pẹ̀lú ike omi lọ́wọ́. O ò ní gbà gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà: wọ́n lọ mú búlọ́ọ̀kù méjì mìíràn wá.

Ilẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó kàn, òun gan-an sì ni mo fẹ́ kí o fi ara balẹ̀ kà. O sọ fún mi pé ilẹ̀ gẹ́réèjì rẹ ṣì jẹ́ ilẹ̀ lásán, pé tó bá yá ni wàá da kọ́ńkéré. Wo jáàkì kòrókódáìlì tí o fẹ́ rà. Apá rẹ̀ kì í lọ sókè tààrà. Bó ṣe ń gòkè ló ń tẹ̀ kọ́rọ́ padà sẹ́yìn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe táyà irin kéékèèké sábẹ́ rẹ̀, kí gbogbo ara jáàkì lè máa yí tẹ̀lé ọkọ̀. Lórí kọ́ńkéré, á yí. Lórí ilẹ̀ pupa tí òjò ti rọ̀ sí, táyà náà á rì, kò ní lè yí mọ́, ẹnu jáàkì á wá máa fa ọkọ̀ lọ síbi tí kò fẹ́ lọ, tàbí kó máa yọ́ kúrò níbi tí o gbé e sí. Àwọn èèyàn á ní jáàkì ọ̀hún kò dára. Jáàkì dára, ilẹ̀ ni kò gbà á.

Ẹsẹ̀ sítáǹdì náà lè rì. Bí gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ bá rì bákan náà, ó sàn. Ẹyọ kan ló máa ń rì, gbogbo rẹ̀ á sì dà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nítorí náà kọ́ńkéré ni kí o kọ́kọ́ fi owó ṣe, kí ó tẹ́jú, kí ó gba ọkọ̀ méjì ó kéré tán. Kí ògiri ṣì wà láìsí orúkọ. Ọ̀dà kò ní sá lọ.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ pàápàá máa ń gbàgbé. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí à ń lò níbí, táyà ẹ̀yìn ni hánbùréèkì ń dì mú. Bí o bá gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè, táyà tó wà lófuurufú ni hánbùréèkì ń dì. Ọkọ̀ tó jẹ́ pé iwájú ló ń fà á, bíi Micra àti Corolla, tí o bá fi sí P, táyà iwájú ni P ń dì. Gbé ẹyọ kan nínú méjèèjì kúrò nílẹ̀, difírẹ́ńṣíà á jẹ́ kí èkejì máa yí bí ẹni pé kò sí gíà kankan nínú rẹ̀. Ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kúrò lórí jáàkì, ẹni tó wà nínú rẹ̀ á sì máa búra pé òun fi sí P. Ohun tó máa gbà ọ́ ni igi onígun mẹ́ta tí o máa kì sí iwájú àti ẹ̀yìn táyà tó kù nílẹ̀. Kò ní ná ọ ní ohunkóhun. Kí o lọ bá káfíńtà tó bá sún mọ́ ọ, kí o tọrọ àgékù.

O máa ní, "Bàbá, ẹ̀yin ṣáà ni wẹ́dà, ẹ jó sítáǹdì fún mi." Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Mo ti jó o fún àwọn èèyàn níbí, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, onípáìpù tó ní ihò tí wọ́n ń ki píìnì sí, àwọn kan sì ń lò ó títí di òní. Ṣùgbọ́n n kò mọ ìtàn irin àlòkù tí wọ́n gbé wá bá mi. Èyí tó ti rẹ̀ nínú ọkọ̀ àkọ́kọ́, ojú rẹ̀ kì í fi hàn. Kò sì sí ẹ̀rọ ní Moniya tí a lè fi tẹ̀ ẹ́ wò kí a mọ ìwọ̀n tó lè gbé. Ti píìnì ló tún burú jù. Rọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń kọ́lé ni ọ̀pọ̀ ń gé fi ṣe é, torí ó wà nílẹ̀. Irú píìnì bẹ́ẹ̀ máa ń padà wá bá mi pẹ̀lú ìbàdí tó ti tẹ̀, wọ́n á ní kí n bá àwọn tọ́ ọ. Mo ti ń sọ fún wọn báyìí pé n kò tọ́ píìnì mọ́.

Wá wo bí o ṣe máa mọ irin tí wọ́n jó dáadáa, nítorí èyí ni mo lè kọ́ ọ tí ọ̀gá rẹ kò lè kọ́ ọ. Tí iná bá wọ irin, etí ibi tí wọ́n jó máa ń yọ́ wọ inú irin méjèèjì, o ò ní rí ibi tí ọ̀kan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Tí kò bá wọ̀ ọ́, ó máa ń wú gudugbẹ sórí rẹ̀, àlà kékeré á sì wà ní ẹ̀gbẹ́ tí èékánná rẹ lè ta. Fi èékánná wá àlà yẹn. Bí wọ́n bá kun ọ̀dà tó nípọn sójú ibẹ̀, bi ara rẹ pé kí ni wọ́n ń bò.

Má rò pé ilé-iṣẹ́ ńlá kì í ṣe àṣìṣe o. Ní 2020, ilé-iṣẹ́ Harbor Freight ní Amẹ́ríkà ní kí àwọn èèyàn dá sítáǹdì tó lé ní mílíọ̀nù kan padà. Àwọn irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe é ní ilé-iṣẹ́ ti gbó, eyín tó ń di ọ̀pá sítáǹdì mú kò wá jókòó jinlẹ̀ tó mọ́, ọkọ̀ lè dédé já wálẹ̀. Wọ́n fún àwọn kan ní òmíràn dípò rẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n tún ní kí wọ́n dá lára àwọn yẹn padà, nítorí wọn kò jó irin rẹ̀ dáadáa. Mo rántí pé nígbà tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀hún, mo rẹ́rìn-ín díẹ̀, mo ní ẹgbẹ́ mi wà níbẹ̀ náà. Nítorí náà, bó ti wù kí orúkọ ara rẹ̀ tóbi tó, tí o bá gbé ọkọ̀ lé sítáǹdì eléyín, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí o fi ojú ara rẹ rí i pé eyín ti wọ eyín dé ìdí. Onípíìnì ni èmi fẹ́ràn jù, píìnì tó nípọn tó gba ọ̀tún já sí òsì. Kò yá ní gbígbé sókè, ṣùgbọ́n ó rọrùn láti rí bóyá ó wọlé tàbí kò wọlé.

Ládìpọ̀ ní Mushin lo ti lè rí tuntun, tàbí kí o wá a ní Géètì nígbà tí o bá wá sí Ìbàdàn. Mẹ́rin ni kí o rà, kì í ṣe méjì. Onítọ́ọ̀nù 3 tó fún Micra, Corolla àti Camry. Micra fẹ́rẹ̀ẹ́ má pé tọ́ọ̀nù kan, Corolla lé díẹ̀ ní ọ̀kan. Ṣùgbọ́n o wà ní Òkè-Ògùn, Hilux tó kó ẹ̀gẹ́ àti HiAce tó kó ọlọ́jà ni wọn yóò máa gbé wá bá ọ, tí wọn kò sì ní sọ ẹrù inú rẹ̀ kalẹ̀ kí wọ́n tó dé. Onítọ́ọ̀nù 6 ni tiwọn, kí o sì ní kí wọ́n sọ ẹrù. Ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ dáadáa: lára àwọn kan, ìwọ̀n tí wọ́n kọ, ti méjèèjì pọ̀ ni, kì í ṣe ti ẹyọ kan. Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lo rí, gbé e lé orí táìlì kí o fi ọwọ́ mì ín. Èyí tó bá ń jó, fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Ní ti ibi tí o máa gbé e sí lára ọkọ̀, ọ̀gá rẹ ti kọ́ ọ, n kò ní ṣe bíi pé mo mọ̀ ọ́n jù ú lọ. Ṣáásì ni fún Hilux, etí irin alápòpọ̀ abẹ́ ilẹ̀kùn ni fún ọkọ̀ kékeré, sọ́ǹpù ọ́ìlì kì í ṣe ibi tí à ń gbé nǹkan sí. Ohun tí èmi mọ̀ ni ìpẹtà. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó ń wọlé ti gbé ní ìlú tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú títì nígbà òtútù, iyọ̀ náà sì ti jẹ abẹ́ wọn. Wọ́n máa ń gbé wọn wá bá mi: ọ̀dà òkè ń dán, mo fi òòlù kan abẹ́ ilẹ̀kùn, òòlù wọlé. Bí o bá gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lé sítáǹdì tó dára jù láyé, ọkọ̀ ló máa já, kì í ṣe sítáǹdì. Kàn án kí o tó gbé e. Irin tó ṣì le máa ń dáhùn, èyí tó ti kú máa ń dákẹ́.

Kí o dẹ nọ́ọ̀tì táyà nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà nílẹ̀. Kí o sọ ọkọ̀ kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ sórí sítáǹdì títí sítáǹdì yóò fi gba ìwúwo rẹ̀, kí o wá jẹ́ kí jáàkì fara kàn án díẹ̀, má yọ ọ́ lọ sábẹ́ ọkọ̀ mìíràn. Lẹ́yìn náà, dúró síta, fi ọwọ́ méjèèjì ti ọkọ̀ náà tagbáratagbára. Bó bá máa ṣubú, kó ṣubú níṣojú rẹ. Táyà tí o yọ, tẹ́ ẹ sábẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ibẹ̀ ló kúkú ti wúlò ju kí àwọn ọmọ iṣẹ́ jókòó lé e jẹ gúgúrú lọ.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ iṣẹ́ ló kàn. Òbí á mú ọmọ rẹ̀ wá, ẹ ó kọ ìwé àdéhùn, ẹ ó mu míníráàsì, ó di tìrẹ. Ọmọ náà kò ní gbọ́ ohun tí o sọ tó ohun tó rí tí o ń ṣe. Bó bá rí ọ níjọ́ kan tí o yọ́ wọ abẹ́ ọkọ̀ tó wà lórí jáàkì nítorí pé "ìṣẹ́jú kan péré ni," ìṣẹ́jú kan yẹn lòun máa kọ́. Fi í ṣe òfin: orí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ tí ìwọ fúnra rẹ kò tíì wo sítáǹdì rẹ̀. Bí wọ́n bá ní o le jù, kí wọ́n máa wí.

Àwọn kọ́sítọ́mà ọkùnrin yóò sì dán ọ wò, o mọ̀ ọ́n. Tí wọ́n bá rí i pé o ń to igi sí ìdí táyà, o ń ti ọkọ̀ wò, wọ́n á ní ẹ̀rù ló ń ba obìnrin. Sandra Aguebor ti ń kọ́ àwọn obìnrin níṣẹ́ mẹkáníìkì lábẹ́ Lady Mechanic Initiative láti 2004, ìwọ kọ́ lo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìwọ kọ́ lo sì máa parí rẹ̀. Ẹni tó bá ń kánjú, kó gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń lo búlọ́ọ̀kù.

Wọ́n á tún pè ọ́ sójú ọ̀nà. Kìlómítà 65 ni Moniya sí Ìsẹ́yìn, láti ìgbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ lábẹ́ Gómìnà Mákindé ti tún un ṣe ni àwọn dẹ́rẹ́bà ti ń sá eré lórí rẹ̀, ọkọ̀ sì ń kú síbi tí kò sí ilé. Má lọ láìmú sítáǹdì méjì, igi ìdí táyà àti pákó tó nípọn dání. Bí ibẹ̀ bá dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, wọ́ ọkọ̀ náà dé ibi tó tẹ́jú, bí kò bá ṣeé wọ́, fi í sílẹ̀. Òfin OSHA tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan tún ní kí wọ́n yẹ jáàkì tó ń ṣiṣẹ́ lójú kan wò lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, èyí tí wọ́n bá sì gbé jáde fún iṣẹ́ àkànṣe, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tó ń lọ àti nígbà tó bá dé. Mo gbà fún wọn níbẹ̀ yẹn. Jáàkì tó ti sùn nínú iyanrìn ẹ̀bá ọ̀nà kì í ṣe jáàkì tó jáde nílé mọ́.

Ọkọ rẹ bá mi sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tó ń gbé odidi ọkọ̀ sókè, tí mẹkáníìkì á fi máa nàró ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ó dára. Peter Lunati ló ṣe irú rẹ̀ ní Memphis ní Amẹ́ríkà ní 1925, àga onígbàjámọ̀ tó ń lọ sókè tó ń wá sílẹ̀ ló rí tó fi ronú kàn án. Ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ kọ́ńkéré tó jinlẹ̀, ó ń fẹ́ iná, ó sì ń fẹ́ ìtọ́jú. Òun náà ní ìkọ́ irin tó gbọ́dọ̀ há kí ẹnikẹ́ni tó bọ́ sábẹ́ rẹ̀, ọ́ìlì nìkan kò tó fún un. Ẹ jẹ́ kó di ọdún díẹ̀ sí i.

O ní kí n wá ṣe ìwúre níbẹ̀, kí n sì bá ọ bá Ògún sọ̀rọ̀. Màá wá. Irin ni bàbá mi jẹ, irin ni mo jẹ, irin ni ìwọ náà fẹ́ jẹ. Ṣùgbọ́n n kò rí olórìṣà kankan rí tó bọ Ògún tán tó wá fi ọrùn lé ojú ọ̀bẹ láti wò ó bóyá Ògún gbọ́.

Owó tí mo fi pamọ́ fún ọ ṣì wà, n kò fọwọ́ kàn án. Kọ́ńkéré àti sítáǹdì mẹ́rin ni kí o fi ṣe ná. Ohun tó bá kù, kí o fi kún ti kọ̀ḿpúrẹ́sọ̀. Skánà, máa yá ti ọ̀gá rẹ lò tàbí kí o san owó fún ẹni tó ní in, títí wàá fi rí ti ara rẹ rà. Mo ti gé irin pẹlẹbẹ mẹ́rin tó nípọn tí a lè fi sábẹ́ sítáǹdì, mo ti lọ etí wọn, mo fi wọ́n rán dẹ́rẹ́bà tó mú lẹ́tà yìí wá. Wọn ibi tí a máa da kọ́ńkéré sí, ìbú àti gígùn rẹ̀, kí o kọ ọ́ fún un kó tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ. Títí sítáǹdì yóò fi dé, má gba iṣẹ́ abẹ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ọba. Púlọ́ọ̀gì, bátìrì, bẹ́líìtì àti ìyípadà omi rédíétọ̀ pọ̀ ní Ìsẹ́yìn tó ohun tí ẹ máa fi jẹun.

Bàbá rẹ.